Bí A Ṣe Ń Fi Iná àti Omi Mọ Fọ́nrán Tó Wà Nínú Aṣọ, àti Bí A Ṣe Ń Lo Ọ̀kọ̀ọ̀kan

Orúkọ tí wọ́n ń pe aṣọ lọ́jà kì í sábà sọ ohun tí wọ́n fi hun ún. "Sílíìkì" tó ń dán gbinrin ní ìsọ̀ aláṣọ, pólísítà ni lọ́pọ̀ ìgbà. "Kaṣimíà" tí àwọn ọkùnrin fi ń rán bùbá àti ṣòkòtò kì í sábà ní irun ewúrẹ́ kankan nínú. Pólísítà tí wọ́n pò mọ́ réyọ́ọ̀nù ló wọ́pọ̀ níbẹ̀. Ànkárá kan lè jẹ́ òwú pọ́ńbélé, kí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní àwòrán kan náà, jẹ́ pólísítà látòkè délẹ̀. Sátíìnì, fẹ́lífẹ́ẹ̀tì àti ṣífọ́ọ̀nù, irú ìhun ni wọ́n ń tọ́ka sí. Oríṣiríṣi fọ́nrán ni a lè fi hun wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ aṣọ láró, tàbí tó fẹ́ mọ̀ bóyá yóò súnkì, tàbí bí áyọ́ọ̀nù ṣe gbọ́dọ̀ gbóná tó, fọ́nrán ni kó béèrè. Bí aláṣọ kò bá mọ̀ ọ́n, iná àti omi á sọ ọ́.

Ìdílé mẹ́ta ló yẹ kéèyàn fi sọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni fọ́nrán tó ti ara ewéko wá: òwú, ọ̀gbọ̀, ìko. Èkejì ni ti ẹranko àti kòkòrò: irun àgùntàn, ṣẹ́dà (ìyẹn sílíìkì gidi), àti sányán ilẹ̀ wa. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe nílé iṣẹ́: pólísítà, náílọ́ọ̀nù, ákírílíìkì. Réyọ́ọ̀nù, tí wọ́n tún ń pè ní fískọ́ọ̀sì, ló dúró láàárín. Igi ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi kẹ́míkà yọ́ di omi, tí wọ́n sì tún fà jáde ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé iṣẹ́ ló ti jáde lóòótọ́, àmọ́ ara igi ló ṣì jẹ́, ìdí nìyẹn tó fi ń jó bíi ti òwú.

Ìdánwò iná

Ẹ fa òwú márùn-ún tàbí mẹ́fà yọ létí aṣọ, kí gígùn wọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ẹ lọ́ wọn pọ̀. Ẹ fa ti ita, ìyẹn òwú tó gùn lóòró, sọ́tọ̀. Kí ẹ fa ti iwun, èyí tó dábùú, sọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ aṣọ ló ní fọ́nrán kan lóòró tó sì ní òmíràn níbùú, ẹni tó bá dán ẹyọ kan ṣoṣo wò á gbé ìdajì ìdáhùn lọ sílé.

Ẹ̀mú onírin ni kí ẹ fi dì í mú, kì í ṣe ìka ọwọ́. Pólísítà tó ń yọ́ máa ń kán sílẹ̀, bó bá sì kan ara, ṣe ló máa lẹ̀ mọ́ ọn tí á máa jó o lọ. Kí àwo tánganran tí ẹ bu omi tàbí iyanrìn sí wà nísàlẹ̀. Láítà dára ju ìṣáná lọ, torí òórùn imí-ọjọ́ tó wà lórí ìṣáná máa ń bo òórùn aṣọ mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ òórùn yẹn ni ìdajì ẹ̀rí tí à ń wá. Ẹ má ṣe é nítòsí jẹnẹrétọ̀ tàbí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Aṣọ tuntun sì máa ń ní ṣítáàṣì lára, èyí tó lè ṣi ọ̀rọ̀ dà. Ẹ fọ igun rẹ̀ kan, kó gbẹ, kí ẹ tó fa òwú yọ níbẹ̀.

Ẹ mú òwú náà sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ iná díẹ̀díẹ̀, ẹ má kàn tì í bọnú iná. Ẹ wò ó bóyá ó sá fún iná kí iná tó kàn án. Ẹ mú un kúrò, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jó lọ tàbí ó kú fúnra rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ fẹ́ èéfín rẹ̀ wá síhà imú, ẹ má gbé imú lé e. Bó bá ti tutù, kí ẹ fi ìka tẹ ohun tó ṣẹ́kù.

Òwú tó ti ara ewéko wá kì í sá fún iná. Kíá ló ń gbiná, á sì máa jó lọ lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú un kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ iná náà pa, ẹyin iná pupa á ṣì máa rá pálá lọ lójú òwú náà. Òórùn ìwé tó ń jó ló máa ń rùn. Eérú rẹ̀ fúyẹ́, kò pọ̀, bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Bí aṣọ náà bá ti rí aró, eérú náà lè dúdú díẹ̀. Ọ̀gbọ̀ àti réyọ́ọ̀nù ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, àfi pé réyọ́ọ̀nù ń yára jó jù, ẹyin iná rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Iná nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Omi ló máa ṣe ìyẹn.

Irun àgùntàn, ṣẹ́dà àti sányán máa ń ká kúrò lọ́dọ̀ iná. Wọ́n ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, iná sì sábà máa ń kú lára wọn bí ẹ bá ti mú wọn kúrò. Òórùn wọn kò ṣeé ṣì mọ̀ fún ẹnikẹ́ni tó ti rí i tí wọ́n ń finá wi ìyẹ́ ara adìẹ rí. Kókó dúdú ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kókó náà á rún bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Pólísítà máa ń sá sẹ́yìn, á súnkì, á yọ́, á wá gbiná pẹ̀lú èéfín dúdú tó ní èédú nínú. Òórùn kẹ́míkà tó fẹ́ dùn díẹ̀ ló máa ń rùn. Ohun tó ṣẹ́kù máa ń le, ó máa ń yí roboto, ìka kò lè rún un. Náílọ́ọ̀nù ń yọ́ bẹ́ẹ̀ náà, àmọ́ èéfín rẹ̀ kò dúdú tó bẹ́ẹ̀. Ákírílíìkì, tó pọ̀ nínú súẹ́tà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú, ń jó kíkankíkan, òórùn rẹ̀ ń ta sí imú, kókó tó ń fi sílẹ̀ le, ó sì rí wọ́gọwọ̀gọ. Ásítéètì, tí wọ́n máa ń fi ṣe àwọ̀tẹ́lẹ̀ inú kóòtù, ń rùn bíi fínígà. Bí ẹ bá kán ásítóònù, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, lé e lórí, á yọ́.

Bí òwú náà bá jó bí ìwé, tó rùn bí ìwé, àmọ́ tí ẹ rí àwọn horo líle nínú eérú rẹ̀, àpòpọ̀ òwú àti pólísítà nìyẹn. Àpòpọ̀ pólísítà 65 sí òwú 35 nínú 100 ló wọ́pọ̀ jù nínú aṣọ iléèwé àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Iná kò lè sọ iye tó wà nínú rẹ̀. Ó kàn máa sọ pé wọ́n ti pò ó ni.

Ohun tí omi ń sọ

Kán omi kan sórí aṣọ tó ti rí omi àti ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan. Lórí òwú àti réyọ́ọ̀nù, omi á wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Lórí pólísítà, á dúró sójú aṣọ fúngbà díẹ̀ kó tó tàn. Ìdánwò yìí kò lágbára tó ti iná, torí pé àwọn pólísítà kan wà tí wọ́n ti fi oògùn pa lára kí omi lè máa tàn lórí wọn, ànkárá tí ìda ṣì kù lára rẹ̀ náà sì lè lé omi bó tilẹ̀ jẹ́ òwú pọ́ńbélé.

Èyí tó wúlò jù lọ́dọ̀ omi ni pé ó ń ya òwú kúrò lára réyọ́ọ̀nù. Ẹ fa okùn kan yọ lára aṣọ náà, kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ẹ fi omi rin àárín rẹ̀ nìkan, ẹ wá di orí méjèèjì mú, kí ẹ fà á títí á fi já. Bó bá já níbi tó tutù, réyọ́ọ̀nù ni. Bó bá já níbi tó gbẹ, òwú ni, torí omi máa ń fi kún agbára òwú ni, nígbà tó jẹ́ pé réyọ́ọ̀nù tó rin gbingbin lè pàdánù tó ìdajì agbára rẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè dá yín lójú.

Fún fọ́nrán ẹranko, ẹ̀rí kejì wà tí ẹ lè wá. Ẹ ju okùn díẹ̀ tí ẹ fà yọ lára aṣọ náà sínú ìdérí ìgò tí bílíìṣì tí a kò bù omi là wà nínú rẹ̀. Ṣẹ́dà àti irun àgùntàn á hó, wọ́n á pọ́n rúsúrúsú, wọ́n á sì yọ́ tán; ó lè gbà tó wákàtí kan pẹ̀lú bílíìṣì tí à ń lò nílé. Òwú àti pólísítà á ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má da fínígà tàbí oògùn ìfọlé mìíràn pọ̀ mọ́ bílíìṣì náà, gáàsì tó máa jáde níbẹ̀ léwu. Ẹ̀kọ́ kejì tún wà níbẹ̀: bílíìṣì kò gbọ́dọ̀ kan aṣọ ṣẹ́dà láéláé, bó ti wù kó dọ̀tí tó.

Òwú

Nínú yàrá tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n, òwú máa ń di omi tó tó ìdá 8.5 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ mú látinú afẹ́fẹ́, kò sì ní í tutù lọ́wọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó tura lára nínú ooru, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó pẹ́ kó tó gbẹ lórí okùn. Ó ń gba omi gbígbóná àti ọṣẹ líle, ó sì ń gba áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù, ìyẹn àmì ẹ̀kán mẹ́ta, nǹkan bí 200°C. Ẹ lọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù díẹ̀; òwú tó ti gbẹ tán kì í gbọ́ràn sí áyọ́ọ̀nù lẹ́nu.

Wàhálà rẹ̀ ni ìsúnkì àti èébu. Nígbà tí wọ́n ń hun ún, ṣe ni wọ́n fà á le. Omi àkọ́kọ́ ló máa ń tú u sílẹ̀. Aṣọ tó bá súnkì pẹ̀lú ìdá 5 nínú 100 á mú ínǹṣì 9 kúrò nínú yáàdì 5. Télọ̀ tó bá gé e láìkọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi ni wọ́n máa bá wí lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ aṣọ ló ṣe ohun tí aṣọ ń ṣe. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ mọ́jú, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ wá gé e. Ní ti èébu, aṣọ tí wọ́n fi ṣítáàṣì sí tí wọ́n sì tò pamọ́ láìgbẹ dénú ló máa ń bu jù nígbà òjò. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú gíníì tàbí àdìrẹ fún oṣù mélòó kan, ẹ fọ ṣítáàṣì kúrò lára rẹ̀ ná.

Réyọ́ọ̀nù

Ó rọ̀, ó ń wọ́ sílẹ̀ dáadáa lára, ó tutù lára ju òwú lọ, ó sì ń gba aró tó jinlẹ̀. Gbogbo ìṣòro rẹ̀ inú omi ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fún un, ẹ má sì gbé e kọ́ nígbà tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀: ìwúwo omi náà á fa èjìká rẹ̀ gùn. Ẹ ká a mọ́ inú táwẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ omi jáde, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbẹrẹgẹdẹ kó gbẹ. Ẹ̀kán méjì lórí áyọ́ọ̀nù, nǹkan bí 150°C, láti ẹ̀yìn aṣọ, ti tó o.

Pólísítà àti àwọn ìbátan rẹ̀

Ní Manchester ni John Whinfield àti James Dickson ti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1941. Tẹ́rílínì tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ láyé ijọ́un, òun náà ni. Lónìí, ó lé ní ìdajì gbogbo fọ́nrán tí wọ́n ń ṣe láyé. Ó lágbára, kì í rún, kì í bu, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Omi tó ń dì mú kò ju nǹkan bí ìdá 0.4 nínú 100 lọ, torí náà ó ń yára gbẹ, àmọ́ òógùn kò ríbi wọ̀ sí, orí awọ ara ló máa dúró sí. Ó ń fa epo mọ́ra: àbàwọ́n ọbẹ̀ ata lára pólísítà yẹ kó rí ọṣẹ ìfọbọ́ kí omi tó kàn án, torí omi nìkan kò ní í ràn án. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, tó sì máa ń ta pàrà bí wọ́n bá ń bọ́ ọ, nítorí pé kò sí omi nínú rẹ̀ tó máa gbé iná mànàmáná náà lọ.

Ní nǹkan bí 250 sí 260°C ló ń yọ́, àmọ́ ó ti máa ń rọ̀, tí á sì máa dán yanranyanran níbi tí áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, kó tó débẹ̀ rárá. Dídán yẹn kì í lọ mọ́. Ẹ̀kán kan, 110°C, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí aṣọ tín-ínrín sì wà láàárín. Ooru yìí kan náà lè ṣe yín láǹfààní: ìlà tàbí ṣẹ́pọ̀ tí wọ́n fi ooru tẹ̀ sára pólísítà á wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìfọ̀, nígbà tí ti òwú á ti tú. Ohun tí àwọn onídìrí ń ṣe náà nìyẹn, nígbà tí wọ́n bá ri etí irun àtọwọ́dá bọ omi gbígbóná kó má bàa tú.

Náílọ́ọ̀nù jọ ọ́ lọ́pọ̀ ọ̀nà, àmọ́ oòrùn máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára, funfun rẹ̀ sì ń pọ́n. Ẹ sá a síbòòji.

Ṣẹ́dà, irun àgùntàn, àti ọ̀rọ̀ sányán

Fún ṣẹ́dà àti irun àgùntàn, omi tútù, ọṣẹ tó rọra, kò sí fífún, kò sí oòrùn gangan. Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lójú fọ́nrán rẹ̀. Bí omi gbígbóná bá ṣí ìpẹ́ náà, tí ẹ̀rọ ìfọṣọ sì ń gbo ó, àwọn fọ́nrán á há mọ́ra wọn, súẹ́tà àgbàlagbà á sì di ti ọmọdé. Kò sí ohun tó ń dá a padà bó ṣe wà. Àwọn ará wa tó ń gbé ìlú òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kòkòrò sì fẹ́ràn fọ́nrán ẹranko, torí náà ẹ fọ ọ́ kí ẹ tó tọ́jú ẹ̀. Ibi tí òógùn tàbí oúnjẹ wà ni kòkòrò ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Sányán tòótọ́, kòkòrò inú igbó ló ń ṣe é. Irú kòkòrò Anaphe ni, wọ́n máa ń péjọ hun ilé kan ṣoṣo tí gbogbo wọn máa wọ̀. A kò lè tú okùn ilé yẹn ní gbọọrọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ṣẹ́dà àwọn ará Ṣáínà. Inú omi eérú ni wọ́n ti ń sè é kí oje tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè kúrò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Ìdí nìyẹn tí òwú sányán fi máa ń tóbi níbì kan, tó sì máa ń tín-ínrín níbòmíràn, tí àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ilẹ̀ gbígbẹ, kì í dán bíi ti ṣẹ́dà òkèèrè. Àlàárì láyé àtijọ́, ṣẹ́dà pupa tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wọlé ni wọ́n fi ń hun ún. Ẹtù ní tirẹ̀, òwú tí wọ́n rẹ sínú aró ẹlú ni.

Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà ní sányán àti àlàárì lónìí, àwọ̀ nìkan ló bá orúkọ náà mu. Òwú, réyọ́ọ̀nù tàbí pólísítà ló wà níbẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀ bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ti òwú. Ẹni tí wọ́n bá ní kó san owó ogún àtijọ́ ni kó bẹ̀bẹ̀ fún òwú méjì ní ìdí wajawaja: ọ̀kan nínú èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀, ọ̀kan nínú ìlà funfun, torí wọ́n sábà máa ń fi òwú funfun sáàárín sányán tòótọ́. Òórùn ìyẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ jáde lára èyí tó ní àwọ̀ ilẹ̀. Bó bá yọ́, kò sí ìjíròrò mọ́.

Aṣọ tó ní fọ́nrán púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà

Léèsì ló le jù. Èyí tí wọ́n ń kó wá láti Lustenau ní Austria láti àwọn ọdún 1960 lè ní òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nísàlẹ̀, kí okùn tí wọ́n fi ṣọnà sí i lórí jẹ́ réyọ́ọ̀nù tàbí pólísítà. Ẹni tó bá fi áyọ́ọ̀nù òwú lọ̀ ọ́ nítorí pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òwú á rí i pé iṣẹ́ ọnà orí rẹ̀ ti dì. Òfin kan ló wà: fọ́nrán tó kéré lágbára jù nínú aṣọ ló ń pàṣẹ ooru. Ẹ dojú léèsì bolẹ̀ sórí táwẹ́ẹ̀lì nínípọn, kí ẹ lọ̀ ọ́ láti ẹ̀yìn.

Aṣọ òkè tó ń kọ mọ̀nà náà wà lábẹ́ òfin yìí. Okùn dídán inú rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ tín-ínrín tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò ni. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná á mú kó ká, kọ́sítíìkì sódà á sì jẹ dídán rẹ̀ kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ rẹ ẹ́ láró

Aró tí àwọn aládìrẹ ń po pẹ̀lú kọ́sítíìkì àti háídírò (kẹ́míkà tó ń mú kí aró yọ́ sínú omi), fún fọ́nrán ewéko ni. Òwú máa ń wú nínú omi kọ́sítíìkì, aró á wọnú rẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì mú un gan síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá fà á jáde. Réyọ́ọ̀nù náà ń gba aró yìí, àmọ́ ẹ mú un rọra, torí ó ti rin. Pólísítà kì í ṣílẹ̀kùn fún un. Aró ti pólísítà yàtọ̀, nǹkan bí 130°C ló sì ń wọlé, nínú ẹ̀rọ tí wọ́n dé pa. Ìkòkò tó ń hó lórí ààrò kò lè kọjá 100°C. Nítorí náà, àdìrẹ tó bá jáde ní àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ tí kò jinlẹ̀, bí aró kò bá tíì kú, àpòpọ̀ pólísítà ló ṣeé ṣe kó jẹ́, àfikún aró kò sì ní í yí i padà.

Ẹ má ri ṣẹ́dà tàbí sányán bọnú aró oníkọ́sítíìkì. Omi eérú tí wọ́n fi sè é kò le tó bẹ́ẹ̀; kọ́sítíìkì ń jẹ ara fọ́nrán ẹranko fúnra rẹ̀, aṣọ náà á di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́. Aró onífínígà ni tiwọn: fún 500 gíráàmù aṣọ, nǹkan bí 60 mílílítà fínígà, kí omi gbóná dé 85°C láìjẹ́ kó hó, kí aṣọ wà nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kó sì tutù nínú omi yẹn kí ẹ tó ṣàn án.

Kí ẹ tó da aró sí odindi yáàdì, ẹ gé igun kan, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú lóòró, ẹ rì í fún ìṣẹ́jú 15, ẹ fẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ aṣọ rírán ni ẹ fẹ́ rẹ, ẹ wo okùn tí télọ̀ fi rán an pẹ̀lú: pólísítà ni ọ̀pọ̀ okùn ẹ̀rọ ìránṣọ, bùbá òwú á sì jáde ní àwọ̀ aró pẹ̀lú ojú ìrán funfun yí ọrùn àti apá rẹ̀ ká, àfi bí ẹ bá sọ fún télọ̀ ṣáájú pé okùn òwú ni kó lò.